Kí A Tó Kọ́ Ilé Ìtọ́jú Sí Ọ̀tan

Ọ̀rọ̀ tó gbòde nínú ẹgbẹ́ wa báyìí ni ti ilé tí àwọn kan fẹ́ kí a kọ́ sí Ọ̀tan Ayégbajú fún àwọn ọmọ wa tí ọpọlọ wọn kì í tètè mú nǹkan. Èrò rere ni. Àmọ́ kí a tó dáwó, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí kò lè dá tọ́jú ara wọn, láàárín wa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ilé lè dára kí ìtọ́jú inú rẹ̀ má dára.

Àpẹẹrẹ kan ni Winterbourne View, ilé ìwòsàn aládàáni fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nítòsí Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí £3,500 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan lọ́sẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ètò Panorama ti BBC fi han gbogbo ayé bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń gbá àwọn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú létí, tí wọ́n ń wọ́ wọn nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Terry Bryan, ti ké sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ti ké sí Care Quality Commission tó ń bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Nígbà tí kò rẹ́ni dá a lóhùn ló gba ọ̀dọ̀ BBC lọ. Ilé ẹjọ́ dá òṣìṣẹ́ 11 lẹ́bi, 6 nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹbí wọ iyàrá tí èèyàn wọn ń sùn.

Ẹ bi àwọn tiwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹni tó da oúnjẹ nù lè má jẹ́ olóríkunkun rárá. Eyín ló ń dùn ún, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Wọ́n á sọ ti ẹni tó lè fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fún un ní ìdajì wákàtí. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn kò ní lè dúró. Á gba abọ́ náà, á fọ̀ ọ́. Bí ìyẹn bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ onítọ̀hún á rọ, a ó sì máa sọ pé kò lè ṣe nǹkan kan.

Nílé ní Ọ̀tan, ìyá ló ń ṣe gbogbo ìtọ́jú yìí, tàbí ìyá àgbà. Ohun tí wọ́n ń rò sùn ni ẹni tí yóò máa wẹ ọmọ náà bí àwọn ò bá sí mọ́. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019 lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ dára, àmọ́ kò tíì dé ibi ìbéèrè yẹn. Ilé ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ Modupe Cole, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wà ní Akọ́kà. Ìyá wo ni yóò máa ti Ọ̀tan lọ wo ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yìí ló yẹ kí owó wa kọ́kọ́ dé. Kí a gba olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kó máa lọ láti ilé dé ilé. Kí a sanwó fún ẹni tó máa bá ìyá mójú tó ọmọ, kí ìyá náà lè ráyè lọ sọ́jà, tàbí kó tiẹ̀ sùn.

Bí ilé bá wá di dandan fún àwọn tí òbí wọn ti kú, kó jẹ́ ilé kékeré fún èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, láàárín ìlú, kì í ṣe nínú igbó lójú ọ̀nà Ìgbájọ. Kí àwọn ìyá ọlọ́mọ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Kí ẹbí lè wọlé nígbàkigbà, títí dé iyàrá, láìkọ̀wé ṣáájú. Bí ìpàdé wa kò bá fọwọ́ sí ìyẹn, a kò ní bá àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé náà dá kọ́bọ̀ sí i.