Ẹni Ogójì Ọdún Ti Darúgbó Nídìí Bàálù, Àbí?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Zaria, Kaduna àti gbogbo àgbègbè wa, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a fẹ́ sọ ọ́ síta.

Láti 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ bàálù ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Zaria níbí. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ń kọjá lórí òrùlé wa. Ọmọ wa kan wà tó ṣiṣẹ́ bánkì fún ọdún mọ́kànlá, tó kówó jọ, tó lọ kọ́ bàálù wíwà. Ó yege, ó gbàwé àṣẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún 41. Gbogbo ibi tó kọ̀wé sí, èsì kan náà ni: ọjọ́ orí yín ti kọjá èyí tá a ń wá. Ẹnì kan ò tiẹ̀ ní kó wá ṣe ìdánwò. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ẹ̀ ló wà báyìí, ó ń bá a ta ike.

Ẹ gbọ́ ná, òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Àjọ bàálù àgbáyé, ICAO, gbà kí awakọ̀ tó ń gbé èrò máa wà á títí di ọmọ ọdún 65, tí wọ́n bá jẹ́ méjì nídìí ẹ̀. 60 ni tẹ́lẹ̀, 2006 ni wọ́n sún un síwájú. Ẹni ọdún 41 ṣì ní ọdún 24 nílẹ̀! Dókítà sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Tí ojú tàbí ọkàn ò bá dáa mọ́, dókítà ló máa sọ, kì í ṣe ìwé ọjọ́ ìbí.

Wọ́n á ní ọ̀dọ́ ló máa pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé ọmọ ọdún 22 tí ò tíì níyàwó máa dúró tí ilé iṣẹ́ òkè òkun bá fowó ńlá pè é? Onílé ọlọ́mọ ló máa dúró jàre. Wọ́n tún ní àgbà ò ní gbàṣẹ lẹ́nu ọ̀gá tó kéré sí i. Àwa tá a dé Àríwá, lọ́wọ́ ẹni tá a bí lọ́mọ la ti kọ́ Hausa àti ọjà títà. A ò kú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́? 2020, oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn olùkọ́ fásitì fi daṣẹ́ sílẹ̀. 2022, oṣù mẹ́jọ. Ẹ dá ọmọ dúró, ẹ tún wá ní ó pẹ́ dé!

Àwa náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o. Ta ló fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín nípàdé, tó ń pè é ní "Bàbá Páílọ́ọ̀tì"? Àwa ni. Ta ló ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé òun ń wá òṣìṣẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 25? Àwa náà ni.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ ìdánwò, ẹ wò ó. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà àwọn awakọ̀ bàálù, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ baba yín.

Ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?