Core i7 Kọ́ Ni Agbára Kọ̀ǹpútà

Ìwé-pẹlẹbẹ sí àwọn òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Òkìtìpupa, ní Ìlútitun, ní Igbótako, ní Ìrèlè àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, irọ́ kan wà tó ti di òtítọ́ lẹ́nu wa. Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí òun yóò máa fi gbá géèmù, tí òun yóò sì máa fi ya báńnà àti àwòrán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ máa ń bi í: "Ṣé Core i7 ni?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀, owó á jáde. Bó bá ní i3 ni, wọ́n á ní kó lọ tọ́jú owó rẹ̀ títí yóò fi tó i7 rà. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo kọ ìwé yìí láti takò. Irọ́ ni, ó sì ń jẹ owó àwọn tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí orúkọ náà ti wá. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé prósẹ́sọ̀ Core i7, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jáde. Èyí tó ń jẹ́ i7-920 nínú wọn ní core 4, ìyẹn àwọn ẹ̀ka inú prósẹ́sọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Intel gbé i7-14700K jáde, core 20 ló wà nínú rẹ̀. i7 ni èyí, i7 ni tọ̀hún. Ta ló wá lè sọ pé òun mọ ohun tí òun rà, nígbà tó jẹ́ "i7" nìkan ló jáde lẹ́nu ẹni tó tà á fún un? Kò sí ará ìlú wa tó máa san owó Camry láì béèrè bóyá Pencil Light ni, Big Daddy ni àbí Muscle. Camry ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọdún wọn ò dọ́gba, ẹ́ńjìnnì wọn ò dọ́gba, owó wọn ò sì dọ́gba. Kí ló dé tí a kì í fi ojú yẹn wo kọ̀ǹpútà?

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 náà ló ń sọ ìran tí prósẹ́sọ̀ ti wá. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́rin, ti àkọ́kọ́ ni ìran rẹ̀: i7-2600 jẹ́ ìran 2, i7-4770 jẹ́ ìran 4. Bó bá jẹ́ márùn-ún, méjì àkọ́kọ́ ni ẹ ó wò: i3-12100 jẹ́ ìran 12. Ẹ wá fi méjì nínú wọn wéra. i7-2600 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011. Core 4 ló ní, ó lè di iṣẹ́ 8 mú lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 95 ni wọ́n kọ sí i, RAM DDR3 ló sì ń lò. i3-12100F jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022. Core 4 ni tirẹ̀ náà, iṣẹ́ 8 lòun náà lè dì mú. Wáàtì 58 ni wọ́n kọ sí i, bó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, ó lè gun 89. RAM DDR4 tàbí DDR5 ló ń lò, core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń yára tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti i7 àtijọ́ yẹn. i3 tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú na i7, kì í sì í ṣe nínà kékeré.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tún burú jù. HP EliteBook 840 G3 tó ní i7-6600U nínú, core 2 péré ló ní. EliteBook 840 G5 tó ní i5-8250U ní core 4. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu tó bá yẹra fún G5 kó lè di ẹni tó ní "i7" ti fi owó ra ìfàsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó jà á lólè ju àmọ̀ràn tí wọ́n gbà á lọ.

Mi ò pe àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ní òpè. Òtítọ́ kékeré wà nídìí rẹ̀: láàárín ìran kan náà, lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, i7 ju i5 lọ, i5 sì ju i3 lọ. Òtítọ́ yẹn kò ré kọjá ìran kan bọ́ sí òmíràn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an la ti ń lò ó. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọjà tòkunbọ̀ ti ń jẹ èrè nìyẹn. Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò tán ń wọlé wá sí Computer Village ní Ìkẹjà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé Àkúrẹ́ àti Òkìtìpupa. Àlẹ̀mọ́ i7 tó wà níwájú wọn ló ń tà wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi káàdì gíráfíìsì tó lágbára sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i pé power pack inú wọn kéré, ojú wáyà rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tó wà lọ́jà. Èyí tó ṣe pẹlẹbẹ nínú wọn kò tilẹ̀ gba káàdì tó ga.

Ọ̀rọ̀ Windows wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè prósẹ́sọ̀ Intel ìran 8 lọ sókè. i7 ìran 2, 3 àti 4 tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́ yín lónìí kò sí nínú ohun tí Microsoft fọwọ́ sí. i3 ìran 8 wà níbẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní i7 tuntun ni ọmọ yín rà. Bó bá ná gbogbo owó sórí rẹ̀, tí kò sí káàdì gíráfíìsì, géèmù wo ló fẹ́ gbá? Ẹ wo EA Sports FC 24, bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Àwọn tó ṣe é kọ ohun tó kéré jù tó lè gbé e: i5-6600K, pẹ̀lú káàdì GTX 1050 Ti tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n dárúkọ i7 nínú èyí tí wọ́n gbà wá níyànjú láti lò, ṣùgbọ́n i7-6700 ni wọ́n kọ, nọ́ńbà rẹ̀ pé, wọ́n sì kọ káàdì GTX 1660 tì í. Káàdì ló ń ya pápá, òun ló ń ya àwọn àgbábọ́ọ̀lù àti òjìji wọn. Fún ẹni tó fẹ́ gbá géèmù, ní tèmi, nínú ìdá mẹ́ta owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ya ìdá kan sọ́tọ̀ fún káàdì kó tó ronú kan prósẹ́sọ̀.

Iṣẹ́-ọnà ò rí bákan náà, ẹni tó bá sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò ṣi owó ná. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ya báńnà, pósítà ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà kò nílò káàdì ńlá. Core tó yára ló nílò, nítorí púpọ̀ nínú iṣẹ́ CorelDRAW kì í pín ara rẹ̀ káàkiri core 8 tàbí 12. Lẹ́yìn ìyẹn, RAM 16GB, kó sì jẹ́ 8GB méjì dípò 16GB kan ṣoṣo, nítorí ojú ọ̀nà méjì ni wọn yóò fi máa bá prósẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, SSD. Hard disk tó ń yí kì í sábà kà ju 200MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD onírú SATA ń kà tó 500MB, onírú NVMe sì ń kà tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Báńnà ńlá tó ń pẹ́ kó tó ṣí lórí i7 àtijọ́ tó ní hard disk kò sọ pé prósẹ́sọ̀ yín kéré. Hard disk ló ń dá a dúró.

Blender tún yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló sì ń fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn. Níbẹ̀, káàdì ló ń ṣe iṣẹ́ líle, irú káàdì sì ṣe pàtàkì. RX 580 tó jáde ní ọdún 2017 pọ̀ lórí igbá, owó rẹ̀ ò wọ́n, ó sì ń gbá géèmù dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Blender 3.0 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Cycles tó ń parí àwòrán nínú rẹ̀ kò lo RX 580 mọ́. Bí Blender bá jẹ́ oúnjẹ yín, ẹ wá káàdì NVIDIA. RTX 3060 tó ní 12GB dára gan-an fún un. Kí ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum, ìyẹn owó orí ayélujára kan, ti dẹ́kun lílo káàdì láti wa owó, ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló ti bọ́ sọ́jà. Ẹ gbé GPU-Z sórí fúláàṣì dání, ọ̀fẹ́ ni: ó máa ń fi káàdì ayédèrú tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà hàn. Ẹ jẹ́ kí géèmù ṣiṣẹ́ lórí káàdì náà fún bí wákàtí kan níwájú ẹni tó ń tà á.

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ iná. Àwọn tó ń pariwo i7 kì í dárúkọ iná rárá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ la wà. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà nínú òkùnkùn ju ọdún mẹ́wàá lọ, iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ la fi gbé ayé. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹtiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan gun ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sílẹ̀ láti ìgbà náà. Wáàtì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, epo lẹ fi ń san án, ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ rà á nìkan.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. i7-2600 jẹ́ wáàtì 95, RX 580 jẹ́ 185. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 280. i3-12100F tó gun góńgó rẹ̀ jẹ́ 89, RX 6600 tó jáde ní ọdún 2021 jẹ́ 132. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 221. Èkejì yìí fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn jìnnà nínú géèmù, ó sì dín wáàtì 59 kù. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", wáàtì 59 yẹn tó fáànù kan. Ẹni tó ń lo sọ́là àti bátìrì mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí lè di wákàtí iṣẹ́ lálẹ́. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré gan-an, GTX 1650 tó ń lo wáàtì 75 ń gba gbogbo iná rẹ̀ láti ara motherboard, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò wáyà àfikún kankan.

Nítorí iná náà ni mo ṣe sọ pé power pack ṣe pàtàkì ju àlẹ̀mọ́ i7 lọ fíìfíì. Power pack tó fúyẹ́ bí agolo òfo, tí wọ́n kọ 500W sí lára, kò lè gbé ìdajì rẹ̀ láì gbóná. Iná jẹnẹrétọ̀ máa ń lọ sókè, á tún wá sílẹ̀. Bí power pack burúkú bá bú, ó lè mú motherboard àti káàdì dání lọ. Ẹ ra èyí tó ní àmì 80 Plus, tó sì kọ ọ́ pé òun ń gba 100V dé 240V. Kí UPS sì wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ oníbàárà má baà pòórá nígbà tí epo bá tán lójijì.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: "Ohun tí yóò pẹ́ ni a fẹ́, a kò fẹ́ máa pààrọ̀ lọ́dọọdún." Ó dáa. Motherboard i7-2600 kò gba nǹkan kan tó kọjá ìran 3, ibẹ̀ ló parí sí. Motherboard i3-12100F ń gba ìran 12, 13 àti 14, bí wọ́n bá ti tún BIOS rẹ̀ ṣe. Ọmọ tó fi i3 bẹ̀rẹ̀ lónìí lè fi i5-13400F sí i nígbà tí iṣẹ́ bá mówó wá, kó sì ta i3 náà. Prósẹ́sọ̀ ilé-iṣẹ́ AMD, tó ń bá Intel díje, náà wà: Ryzen 5 5600G ní core 6 àti gíráfíìsì tirẹ̀ nínú, ẹni tí kò tíì lówó káàdì lè fi í ya báńnà títí owó yóò fi dé. i3-12100F kò ní èyí, F tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé láìsí káàdì, ojú kọ̀ǹpútà kò ní mọ́lẹ̀. Àní i7 tuntun pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro: ní ọdún 2024, Intel fúnra rẹ̀ gbà pé iná tó ga jù ń ba àwọn prósẹ́sọ̀ ìran 13 àti 14 kan jẹ́, i7 wà lára wọn, ó sì fi ọdún 2 kún àkókò ìdánilójú wọn.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já, gbogbo ohun tí a ń ra pẹ̀lú dọ́là ti wọ́n. Owó tí ẹ bá fi ṣòfò sórí orúkọ, ó lè pẹ́ gan-an kí ẹ tó tún rí irú rẹ̀ kó jọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ yéé bi ọmọ yín bóyá i7 ni. Ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe, nọ́ńbà wo ló wà lára rẹ̀, wáàtì mélòó ni yóò máa jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ọ̀gá tó ń tà á kọ nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ àti ti káàdì ní pípé sórí rìsíìtì. Bí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kó owó yín dání, kí ẹ sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.