Ẹ Ka Ojú Ọ̀nà Mọ́ Ìrọbí: Ìkìlọ̀ fún Aboyún Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ẹ̀yin aboyún tó wà ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Okokomaiko, ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tí ẹ ti dé láti wá wẹ ọmọ, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni mo bá wá. Lórí ìgbà tí ó yẹ kí ẹ kúrò nílé lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún aboyún ni pé kó fara balẹ̀ sílé títí ìrọbí yóò fi rinlẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tí ilé ìwòsàn wà ní òpópónà kejì sí ilé rẹ̀. Kò dára fún ẹni tó jẹ́ pé títì Èkó sí Badagry ló wà láàárín òun àti dókítà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ojú ọ̀nà wà lára ìrọbí.

Gbogbo wa la mọ títì náà. Láti ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2 ló mọ. Apá tó yẹ kó dé Okokomaiko kò tí ì sí nínú rẹ̀. Bí tírélà bá ṣubú ní Trade Fair, tàbí tí ọjà Àlàbá ń tú nírọ̀lẹ́, tàbí tí òjò rọ̀ tí omi gba títì, kò sí bí awakọ̀ ṣe mọ ọkọ̀ wà tó, yóò dúró. Ẹni tó bá yà ní Ìyànà-Ìbà tó kọjú sí Ìgándò yóò pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiẹ̀ lọ́nà ibẹ̀. Ti àwọn ará Irewe tún wá le jù, nítorí orí omi ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí ẹsẹ̀ wọn tó kan títì rárá, ìrìn orí omi lóru sì léwu.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí. Àwọn tó ń ṣèwádìí ikú abiyamọ ti ṣírò iye àkókò tí ewu kọ̀ọ̀kan máa ń fúnni bí kò bá sí ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa ènìyàn láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ya kí ọmọ tó dé, nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Gìrì aboyún, nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ọmọ tí kò rí ọ̀nà jáde, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá gbé wákàtí méjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn Okokomaiko sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa káàkiri ayé, nǹkan bí 75,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ní ọdún 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì kan, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa abiyamọ: ti ilé, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá kí wọ́n lọ, ti ojú ọ̀nà, àti ti inú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ kan ní Ìbà tó lè tún títì ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ṣùgbọ́n ìdádúró ti ilé, ọwọ́ wa ló wà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìrọbí ti dé? Ìrora tó ń wá tó ń lọ, tí àlàfo àárín rẹ̀ ń kéré sí i, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí kò dẹwọ́ bí ẹ dìde rìn tàbí bí ẹ dùbúlẹ̀, òun nìyẹn. Èyí tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó tún pẹ́ kó tó padà, tó sì lọ pátápátá nígbà tí ẹ sinmi, kì í ṣe òun. Ẹ fi aago fóònù yín kà á. Lókè òkun, wọ́n lè sọ fún ẹni tó fẹ́ bí àkọ́bí pé kó dúró títí ìrora yóò fi máa wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún odidi wákàtí kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Tó bá ti ń wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tí kò yẹsẹ̀, ẹ gbé báàgì, ẹ jáde. Ẹni tó ti bímọ rí kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa ń yára ju àkọ́bí lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ pé ẹnu ilé ọmọ kò tí ì ṣí tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, pé ẹ tètè dé jù, ẹ má bínú, ojú kò sì gbọdọ̀ tì yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ máa rìn káàkiri ọgbà, tàbí kí ẹ sùn sí ilé ẹbí tó wà nítòsí. Mo fẹ́ kí wọ́n dá ọgọ́rùn-ún aboyún padà sílé ju kí ọ̀kan ṣoṣo bímọ sínú dáńfó ní Àgbójú lọ.

Àwọn àmì kan wà tí kò sí aago kíkà nínú wọn rárá. Ikun tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára jẹ́ àmì pé ìrọbí ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn bíi ti nǹkan oṣù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ewu ni. Bí omira bá já, ẹ máa lọ, kódà bí ìrora kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Bí omi náà bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn, ẹ sáré. Bí ọmọ tó máa ń yí nínú kò bá yí mọ́, ẹ má sọ pé ó ń sùn. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, tàbí tí okùn ìwọ́ bá yọ síta, kí ìyá kúnlẹ̀, kó fi àyà lélẹ̀, kó gbé ìdí sókè, kí wọ́n sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti okùn náà padà sínú. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ bímọ fún rí, ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí oyún rẹ̀ kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ 37, kó jáde bí ìrora àkọ́kọ́ bá ti mú un.

Orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, ìrora lókè ikùn, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ló ń ké yẹn, gìrì ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é. Bí gìrì bá gbé aboyún, ẹ dá a fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má ro àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, ẹ gbé e lọ. Oògùn kan wà nílé ìwòsàn tó ń jẹ́ magnesium sulphate. Wọ́n dán an wò lára aboyún tó ju 10,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 33, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2002: ó dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni, ṣùgbọ́n kò sí ní ilé àdúrà. Agbára ara kò sì ní kí gìrì má gbéni. Tori Bowie, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú eré sísá ní Rio lọ́dún 2016, wà nínú ìrọbí nígbà tó kú nínú ilé rẹ̀ ní Florida ní ọdún 2023. Òun nìkan ló wà nílé. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ dárúkọ gìrì aboyún mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ní ìyá agbẹ̀bí tí wọ́n fọkàn tán ní àdúgbò, tàbí ilé àgbẹ̀bí ìjọ tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún wọn láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù mẹ́ta. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà. Wọ́n máa ń súre fún aboyún pé yóò bí bí obìnrin Hébérù, àmín sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé Ẹ́kísódù tí ìwúre yẹn ti wá dárúkọ àwọn agbẹ̀bí wọn, Ṣífírà àti Púà. Wọn kì í ṣe obìnrin tí kò ní olùtọ́jú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni abẹ́rẹ́ tí ń mú ọmọ yá, èyí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń gún fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Abẹ́rẹ́ yẹn a máa ti ilé ọmọ láti ẹ̀yìn nígbà tí iwájú dí, ilé ọmọ sì lè fàya. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún yín ní irú rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù tí kò sí dókítà, tí kò sí iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ̀. Ìrọbí tó ti le tó ti gba wákàtí méjìlá láìsí ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ tún fi gbígbààwẹ̀ kún un.

Ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé ewu ti kọjá bí ọmọ bá ti ké. Ibẹ̀ gan-an ni ewu tó yára jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti máa pe ẹbí lórí fóònù, wọ́n á máa kọrin ọpẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rọra jáde lábẹ́ ìyá ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti kún ìgò omi 50cl, ó ti ju bó ti yẹ lọ, ojú lásán kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Obìnrin tó ju 200,000 lọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá ọmọ láti fi wọn ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti ga dé àmì, wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ àti omi, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò, lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró de ìkan kí wọ́n tó ṣe ìkejì. Ẹ̀jẹ̀ ńlá àti àjálù tó ń bá a wá dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Nítorí náà, ẹ má kánjú gbé ìyá ọmọ kúrò ní ilé ìwòsàn kí wákàtí 24 tó pé. Bó bá jẹ́ pé ilé ló bí sí, tí páàdì rẹ̀ rin gbindin láàárín wákàtí kan, tàbí tí ibi ọmọ kò jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má fa okùn ìwọ́. Ẹ fi ọmọ sí i lọ́mú, ẹ máa fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀ kó lè le, ẹ sì máa gbé e lọ.

Níbo? Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba tó wà ní àdúgbò lè gba ìbí tó rọrùn, ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru. Fún èyí tó le, ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho wà ní Ìgándò, ibi ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wà ní Festac, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Ọ̀jọ́ níbí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ẹ bá fẹ́ lọ, torí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí máa ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti aboyún mu. Ẹ bá aládùúgbò tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Kí ọkọ sì sọ ọ́ ketekete létí gbogbo ará ilé pé bí òun kò bá sí nílé, wọn kò gbọdọ̀ dúró de òun kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ní ti owó, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún obìnrin tálákà tó bá nílò rẹ̀. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn yín bóyá wọ́n wà nínú ètò náà, ẹ sì forúkọ sílẹ̀ nínú Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, kí oyún tó gbó.

Bí ọkọ̀ kankan kò bá sí, ẹ tẹ 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Ẹ dárúkọ àdúgbò àti ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín jù, ẹ sọ pé obìnrin tó ń rọbí ni. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò aládùúgbò bá wà níwájú ilé, ẹ má dúró de áńbúláǹsì: títì kan náà ni òun náà yóò gbà wá.