Afẹsẹ̀rìn Kò Lẹ́gbẹ́: Ìjà Ojú Pópó ní Ìlú Lọ́kọ́jà

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìlú Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, bí ó ti rí gan-an, kí ó lọ dúró sí oríta Ganaja ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kánjú lọ sí ọ́fíìsì, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá àyè tí wọn yóò gbà sọdá, àwọn ìyá ọlọ́jà ru ẹja àti iṣu, àwọn ọlọ́kadà ń já gba àárín ọkọ̀ bí ẹni ń fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà ń dúró gba èrò níbikíbi tí ojú wọn bá ti gán-án-ní rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì àti àwọn ọkọ̀ agbépo tí ó ń ti Gúúsù bọ̀ ń ké ramúramù. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, etí yóò ti gbọ́ èébú ní èdè Haúsá, Ígálà, Ebira, Tápà àti Yorùbá, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì.

Olúkúlùkù ni ó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Bí a bá bi awakọ̀, yóò ní àwọn ọlọ́kadà kò ní sùúrù, wọn kò sì ka ẹ̀mí ara wọn sí. Bí a bá bi ọlọ́kadà, yóò ní onímọ́tò a máa rò pé bàbá òun ni ó la títì. Lórí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ẹnu àwọn méjèèjì ti kò: wọ́n ní kì í wò ọ̀tún, kì í wò òsì, ńṣe ni ó kàn ń já lu títì bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé jáde nínú oko. Afẹsẹ̀rìn ní tirẹ̀ kì í sábà fèsì. Nígbà tí ó bá fi máa la ẹnu, àwọn tí ó bú u ti lọ.

Ìwà àwọn ènìyàn ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn yìí, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo bí ìlú náà ti jókòó yóò rí i pé ìwà nìkan kọ́. Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Lọ́kọ́jà kì í ṣe ojú ọ̀run. Òkè Pátì dúró gbọnin ní ẹ̀gbẹ́ kan, Odò Ọya ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àárín àwọn méjèèjì ni ìlú há sí. Nígbà tí Lugard fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Kò sí ẹni tí ó ń ronú nípa tírélà nígbà náà.

Ọdún 1991 ni ẹrù méjì bọ́ sí èjìká ìlú kan ṣoṣo yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, wọ́n sì fi Lọ́kọ́jà ṣe olú-ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti Kàbbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Òkéné, Ìdàh àti Ankpa. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ ti ìhà Gúúsù lọ sí Àbújá tàbí sí òkè Ọya ni ó ń gba Lọ́kọ́jà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ń pọ̀ sí i ní Adánkólo, ní Felele àti ní Lokongoma, àwọn onílé wọ̀nyí kò sì ní títì mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò gbà lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́ wọn. Títì tí orílẹ̀-èdè ń gbà rìn ìrìn-àjò náà ni ìyá ọlọ́jà ń gbà lọ ra ata.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú awakọ̀ tí ó ti Èkó bọ̀, tí kò tíì dé ìdajì ìrìn-àjò rẹ̀ sí Kánò, títì márosẹ̀ ni, eré ni wọ́n sì ń sá lórí títì márosẹ̀. Lójú obìnrin tí ilé rẹ̀ wà ní Felele, ìta ilé òun ni. Òfin ìrìnnà ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má ṣe sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n kí òfin náà tó lè ṣiṣẹ́, awakọ̀ ní láti kọ́kọ́ gbà pé àárín ìlú ni òun wà.

Fèrè ọkọ̀ pàápàá ti di èdè tí kò yé gbogbo ènìyàn bákan náà. Ọlọ́kadà tí ó fọn fèrè fún ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń bèèrè pé, "Ṣé ẹ ń lọ?" Fèrè kan náà, bí ó bá fọn ọ́n fún ẹni tí ó ti wà láàárín títì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó yà lọ́nà. Tí ọkọ̀ agbépo bá fọn tirẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹrù òun wúwo, òun kò sì lè dúró lójijì. Àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé wá kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, níbo ni yóò ti kọ́ ìyàtọ̀ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí? Èdè kan ṣoṣo tí afẹsẹ̀rìn ní láti fi dá wọn lóhùn ni pé kí ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ó sì máa gbàdúrà bí ó ti ń sọdá.

A ní láti sọ òótọ́ nípa ọlọ́kadà náà. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986 ni ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì sọ alùpùpù di ọkọ̀ akérò. Àwọn aláwàdà ìgbà náà fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, pè é, nítorí pé ó ń yára, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ìrìn tí kò mówó wá ni ó ń dun ọlọ́kadà. Bí ibi tí a ti lè yí ọkọ̀ padà bá jìnnà, kò ní lọ dé ibẹ̀. Yóò kọjú sí àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀, yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn gan-an ni afẹsẹ̀rìn ń gbà. Ọlọ́kadà fi epo bíi sẹ́ẹ̀ tù ara rẹ̀ nínú, afẹsẹ̀rìn sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dí i.

Àwọn tí ó ti dàgbà yóò rántí bí ọ̀rọ̀ akoto ti rí ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò wọn máa dé e. Ní Kánò àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Gbogbo ayé ni ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ akoto wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ ní àkókò náà, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù àti dé ohun tí orí àjèjì ti wọ̀. Ẹ̀rín yẹn kò yanjú ohunkóhun. Títí di òní, ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ganaja yóò ka orí tí kò ní akoto títí yóò fi sú u.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan tí ìjánu rẹ̀ kọ̀ ya lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Felele, iná sì sọ. Ènìyàn 23 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kéde pé ó kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára wọn, àwọn ọmọ kéékèèké sì wà lára wọn pẹ̀lú. Àkókò tí àwọn ènìyàn ń lọ sí ilé-ìwé àti ibi iṣẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, Ààrẹ Buhari ṣí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Ítákpe sí Wárí, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1987. Ìpínlẹ̀ Kogí yìí náà ni Ítákpe wà, kò sì jìnnà sí Lọ́kọ́jà. Ibẹ̀ ni irin náà dúró sí, kò kọjá sí òkè Ọya. Nítorí náà, epo tí a kò lè fi ojú irin gbé dé òkè Ọya, Felele ni yóò gbà.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ a máa sọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ ní ẹgbẹ́, àwọn awakọ̀ agbépo ní tiwọn, àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà náà ní alága àti akọ̀wé. Bí ìjọba bá fẹ́ gbé òfin tuntun kalẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ pè. Bí òfin náà kò bá sì tẹ́ ẹgbẹ́ lọ́rùn, wọ́n lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n lára. Afẹsẹ̀rìn kò ní alága. Kò lè dá ìrìn sílẹ̀. Èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a bá ń pín títì, a kì í pín tirẹ̀ fún un. Ìjọba Gómìnà Yahaya Bello kọ́ afárá òkè sí oríta Ganaja, afárá náà sì wúlò: ó gbé ọkọ̀ sókè. Ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ó ń kú lójú pópó lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé àwọn afẹsẹ̀rìn, àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń gun alùpùpù ju ìdajì wọn lọ. Àwọn tí kò ní irin tí ó bò wọ́n ni ikú ń mú jù.

Àwọn kan ní kí a lé ọ̀kadà kúrò nígboro tán, kí ara tu gbogbo ènìyàn. Àbújá ti ṣe é ní ọdún 2006, Èkó ti ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2012, tí ó sì tún le sí i ní 2020 àti 2022. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá ni ẹ lè sọ bí ó ti rí fún òṣìṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ nígbà náà: ẹsẹ̀ ni ó fi rìn, lẹ́bàá títì tí a kò ṣe fún ẹsẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, iye àwọn afẹsẹ̀rìn ni yóò kàn pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kútọnu dára jù ú lọ. Níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan, èyí tí ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá" ní èdè Fọ̀n, a máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ lù lè má mọ orúkọ, ṣùgbọ́n ó lè ka nọ́ńbà. Fún ẹni tí kò ní ẹgbẹ́, nǹkan ńlá nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí afẹsẹ̀rìn ṣíwájú ní Lọ́kọ́jà. Nígbà tí Odò Ọya kún àkúnya ní ọdún 2012, àti nígbà tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi bo títì ní ìhà Kotonkarfe, àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹbẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ọ̀nà Ganaja, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn wọ̀ lọ sílé. Tírélà kò lè fọn fèrè fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí àwọn ará wa tí ó wà ní Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Àbújá fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé èrò ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n a gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún Iléyá àti lọ́dún Kérésìmesì, nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń du àtidé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí awakọ̀ bá dẹ eré ní Felele, ohùn tí ó sábà máa ń jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni pé, "Dírẹ́bà, ṣé a ó dé ilé lónìí báyìí?" Ohùn yẹn ni awakọ̀ ń gbọ́; kò gbọ́ ti ọmọ tí ó gbé àpò ìwé dání lẹ́bàá títì. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú wọn, nọ́ńbà tí a fi ń ké sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, wọn kì í sì gba owó lórí ìpè náà. Ibi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nítorí náà ó dára kí èrò mọ ìyàtọ̀ láàárín Felele, Ganaja àti Lokongoma kí ọkọ̀ tó wọ ìlú.