Èébú Lẹ́nu Olùwòran Bọ́ọ̀lù

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀pọ̀ olùwòran bọ́ọ̀lù rò pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti pa eléèébú lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó tì í ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun ni ó sì mọ ojú rẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, ní ìlú Münster ní Jámánì, ọkùnrin kan láàrin àwọn onílé ń ké bí ọ̀bọ sí Leroy Kwadwo, agbábọ́ọ̀lù àlejò tí ìran rẹ̀ ti Gánà wá. Àwọn ará Münster fúnra wọn ni wọ́n nàka sí i, wọ́n sì ń pariwo pé kí irú rẹ̀ jáde, títí ọlọ́pàá fi mú un.

Bí àwọn ọ̀dọ́ Ilua bá ń bá ti Òkèhò gbá bọ́ọ̀lù, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ orin tí ń bú ìyá ẹni lè ró lórí pápá. Àwọn kan a ní eré ni. Ǹjẹ́ ẹni tí a ń bú ń bá wọn rẹ́rìn-ín? Kò sí ẹni tí í dá irú orin bẹ́ẹ̀ kọ pẹ́. Elégbè ni agbára rẹ̀. Onílù pàápàá lè yí ìlù padà kí orin náà tó délẹ̀.