Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Pamọ́ Mọ́!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Lọ́dún tó kọjá, mo yà sí ìsọ̀ aláṣọ kan ní Èkó. Mo rí kíjìpá kan tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Bí mo ti fọwọ́ kàn án báyìí, mo mọ̀ pé aṣọ ilé wa ni, aṣọ Ògìdì. Mo ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti rí èyí?" Ó ní, "Ọ̀gá, ti Ìṣẹ́yìn ni." "Ta ló hun ún?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Iye tó sì dá lé e tó ìlọ́po mẹ́rin owó tí alárobọ̀ ń kà sọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Owó lọ, orúkọ náà bá a lọ.

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá àgbà kan nídìí òfì rẹ̀. "Okun o, Ìyá." Mo rò fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ tó bá dáa á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn." Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Aṣọ kò lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ alárobọ̀ ló fi ń rìn, ibi tó bá wu alárobọ̀ ló sì ń gbé e lọ. Ṣebí àwọn baba wa náà ló ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò?

Ẹ wo Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tí a bí ní 1951. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ilé rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Kò jókòó sílé de oníbàárà. Ó gbéṣẹ́ dé Amẹ́ríkà ní 1974, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà alájà púpọ̀ sí Lẹ́kí. Ẹ óò ní, "Ta ló lówó ilé ní Lẹ́kí?" Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn! Fóònù ni ilé alájà púpọ̀ ti tálákà. Ní 2018, ọmọ ọdún 11 kan, Kareem Waris Olamilekan, ya àwòrán Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní Èkó. Ààrẹ náà kí i lórí Twitter, orúkọ ọmọ náà sì la òkun kọjá.

Àwọn kan ní, "Wọn á jí àwòṣe wa." Wọn ò tíì jí i ni? Àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà kún ọjà wa fọ́fọ́. Ẹni tó fẹ́ jalè, ọ̀pá aṣọ kan péré tó o. Ẹni tó bá ń fi aṣọ pamọ́, oníbàárà gidi ló ń fi í pamọ́ fún. Fọ́tò tó ní orúkọ àti ọjọ́ lára, ẹlẹ́rìí ni.

"Gbájúẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Òótọ́ ni. Bí owó kò bá tíì wọ báǹkì, kí aṣọ má kúrò nílé. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dáa." Ẹ ya fọ́tò náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sí Kábà.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ yà á. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó hun ún, orúkọ ìlú, gígùn àti ìbú rẹ̀, iye ọjọ́ tó gbà, àti iye owó. Ọmọ yín tó ń fi fóònù wo aláwàdà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bó bá tà, gáréèjì wà, awakọ̀ á gbé e.

Bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Ọmọbìnrin wo ni yóò jókòó sídìí òfì tó rí i pé ìyá òun fi ogójì ọdún hun aṣọ tí kò rówó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn? Yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe alárobọ̀ ló pa òfì Ògìdì. Àwa tí a dákẹ́ ni.