Ẹ Kú Oríire Ọgọ́fà Ọdún, Ẹ̀yin Ilé Bell!

Ẹ̀yin ará Bonanjo, ẹ̀yin ọmọ Bell lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú oríire o! Ẹ kú ayẹyẹ, ẹ kú ìnáwó! Ààfin tí Ọba Auguste Manga Ndumbe Bell kọ́ ní 1905 ti pé ọgọ́fà ọdún, ó sì ṣì dúró gbọin-gbọin láàárín ìlú Douala ní Kamẹrúùnù. Ẹni tó bá mọ ohun tójú ilé yìí ti rí kò ní í kí i kúkúrú.

Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é ni La Pagode. Ẹ gbójú sókè wò ó, ẹ óò rí ìdí rẹ̀: òrùlé gorí òrùlé, ó ń kéré sí i bó ṣe ń ga lọ, bí ilé òrìṣà àwọn ará Ṣáínà. Céline, òǹkọ̀wé ará Faransé tó gbé Kamẹrúùnù láàárín 1916 sí 1917, ni wọ́n ní ó sọ orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ohun tí ó kọ nípa ìlú náà nínú ìwé rẹ̀, Voyage au bout de la nuit, tó jáde ní 1932, kò dùn ún gbọ́ létí ọmọ onílùú. Kò burú. Céline ti lọ, ilé ọba ń bẹ, orúkọ tó sì fún un ti di oríkì.

Ní 1908 ni Ọba Auguste wàjà tí ọmọ rẹ̀, Rudolf Duala Manga Bell, gorí ìtẹ́. Jámánì ni Rudolf ti kàwé, ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ òfin wọn. Bàbá bàbá rẹ̀, Ndumbe Lobe Bell, wà lára àwọn tó bá Jámánì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù keje 1884. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Jámánì ní kí gbogbo ọmọ Duala kó kúrò létí odò Wouri, kí wọ́n fi nǹkan bíi kìlómítà kan sí àárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Ọba kò gbé ìbọn. Ìwé ló kọ, tó fi ẹjọ́ sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin, tó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ sọ́hùn-ún ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 1914, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì. Wọ́n lé àwọn èèyàn wọn lọ sí àdúgbò New Bell, Bonanjo di ti òyìnbó.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti lé onílẹ̀ kúrò, orí rẹ̀ gan-an ni ilé onílẹ̀ wà dòní. Àwọn gómìnà Jámánì wá, wọ́n lọ. Ti Faransé náà wá, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní ìlù.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ó ń dùn mí díẹ̀ bí mo ti ń kí yín, torí mo rántí ilé Fernandez ní Tinúbu l'Ékòó, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ilojo Bar. Àwọn tó ti Brazil darí wálé ló fún wa ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjọba sì ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o lulẹ̀. Torí náà, bí a bá rí ilé àtijọ́ tó pé ọgọ́fà ọdún, ẹ jẹ́ ká jó.

Síbẹ̀, kì í ṣe bíríkì nìkan ni mo wá kí. Ilé tí kò séèyàn nínú ọgbà rẹ̀, ẹyẹ ni yóò jogún rẹ̀. Ọmọba Marilyn Douala Bell àti ọkọ rẹ̀, Didier Schaub, ló jókòó ní 1991, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ doual'art sílẹ̀. Ní 1995 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn wọn ní Bonanjo, nítòsí ilé ọba, tí ayàwòrán, agbẹ́gilére àti onífọ́tò fi ń rí ibi gbé iṣẹ́ wọn sí. Ní 2006, wọ́n ri àwọn pátákó gíga tí Sandrine Dole yà síwájú àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà. La Pagode ní tirẹ̀. Fọ́tò ayé àtijọ́ wà lára pátákó náà, àwòrán ìlú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àdúgbò báńkì àti ọ́fíìsì ni Bonanjo, gbogbo èèyàn ló ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú lọ gba owó lè dúró níwájú pátákó, kó wo fọ́tò, kó gbójú sókè wo ilé, kó tún wo fọ́tò. Kò san kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ doual'art kò sì fi iṣẹ́ wọn mọ sí Bonanjo nìkan. Ní 1996, ère La Nouvelle Liberté tí Joseph-Francis Sumegne fi pàǹtí irin ṣe gúnlẹ̀ sí oríta Deido, ó ga tó mítà méjìlá. Ariwo ta! Àwọn kan ní ó burẹ́wà, àwọn kan ní ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Lónìí, àmì ìlú Douala ni. Láti 2007 ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ìgboro tí wọ́n ń pè ní SUD. Ti 2010 ni mo fẹ́ràn jù, torí pé New Bell ni Pascale Marthine Tayou to Colonne Pascale tirẹ̀ sí: ìkòkò tánganran, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń gbé ọbẹ̀ lọ síbi ìnáwó, lórí ìkòkò tánganran, títí ó fi di òpó gogoro. Ní New Bell! Ibi tí wọ́n lé ọmọ Bell lọ, ibẹ̀ ni ọmọ Bell gbé ẹwà lọ.

Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ti ń kí yín. Ní oṣù Kejìlá 2022, Berlin yọ orúkọ Nachtigal, ẹni tó wá ta àsíá wọn sí Kamẹrúùnù ní 1884, kúrò lára gbàgede kan, wọ́n fi Manga Bell rọ́pò rẹ̀.

Didier Schaub kò sí mọ́ láti 2014. Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọba Marilyn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ ò ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba yín. Ní Oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo Sawa, àwọn ẹ̀yà etíkun, bá tún pé sétí odò Wouri fún ọdún Ngondo tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2024, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwo ndolé kan àti miondo tó pọ̀ sílẹ̀ de àwa ará Nàìjíríà. À ń bọ̀, a ó sì gbé ìlù dání.